Ohun tí Ó Ń Mú Orí Ẹni Yá láti Kọ Yorùbá: Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti Ayé Lẹ́tà dé Ayé Fóònù

Ní yàrá àwọn olùkọ́, yálà ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ẹjọ́ kan náà ni a ń gbọ́ lóde òní: pé fóònù ti gba ọkàn àwọn ọmọ, pé orí wọn kò yá sí ìwé mọ́, pàápàá ìwé Yorùbá. Àwa náà ti rò ó rí, a sì ti gbá tábìlì nígbà tí a ń rò ó. Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ojú ìtàn wo ẹjọ́ náà. A fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú orí ènìyàn yá láti kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì yìí kí ẹ̀rọ tó dé, ohun tí taipuráítà ṣe sí i, ohun tí fóònù ṣe sí i, àti ọwọ́ tí àwa olùkọ́ àti aṣèdánwò ní nínú rẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Yorùbá kò fi ohun tí ń ti ènìyàn sí ẹnu iṣẹ́ sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Orí ni wọ́n fi í sí. Orí yá ni a ń sọ nígbà tí ènìyàn bá fi ìdùnnú múra sí nǹkan. Láti ara 'kí orí yá' ni a ti rí kóríyá. Láti ara 'wú orí' ni a ti rí ìwúrí. Ẹ ṣe àkíyèsí pé méjèèjì kò ṣeé dá ṣe. Ẹlòmíràn ni ó ń ṣe kóríyá fún ni. Ohun tí ẹlòmíràn sọ tàbí tí ó ṣe ni ó ń wú ni lórí. Ẹni tí ó bá dìde láàrin agbo tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, a mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ nípa rẹ̀. Ìtara lè ti inú ẹni wá, ṣùgbọ́n kóríyá, láti ìta ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: kóríyá kì í ṣe owó iṣẹ́. A kì í ná an tẹ́lẹ̀ kí oníjó tó gbẹ́sẹ̀. Bí ijó bá dùn ni a ń ṣe é.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni àlọ́. Bí apàlọ́ bá ní 'Ààlọ́ o', tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn pé 'Ààlọ̀', àlọ́ ọjọ́ náà ti parí. Nínú àlọ́ onítàn, ègbè ń bọ̀ láti ẹnu àwọn olùgbọ́, bí ègbè bá sì ti ń rẹlẹ̀ ni apàlọ́ ń gé ìtàn rẹ̀ kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ọ̀bìtun ní Oǹdó: ẹni tí ń lé orin kò lè dá a gbé láìsí àwọn tí ń gbè é. Ìdáhùn ni ó ń mú orí ẹni yá ní gbogbo ibi wọ̀nyí.

Ilé-ìwé ni ó mú kí kíkọ sílẹ̀ di nǹkan gbogbo ènìyàn. Ní 1919 ni a dá Ondo Boys' High School sílẹ̀, orúkọ Canon M. C. Adéyẹmí tí ó ṣiṣẹ́ takuntakun níbẹ̀ ni a sì fi pe kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1963. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Àkúrẹ́ àti Oǹdó sì wà lábẹ́ ìjọba yìí. A kò ní tan ara wa jẹ: ìfẹ́ èdè kọ́ ni ó mú kí àgbẹ̀ kòkó yọ̀ǹda ọmọ fún ilé-ìwé. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó di akọ̀wé ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ di akọ̀wé ilé. Ẹ̀gbọ́n wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bàbá wà nínú oko. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin ni yóò jókòó sí ẹ̀bá àtùpà, tí ìyá yóò máa sọ, tí òun yóò máa kọ. Àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ wọn kò ní jẹ́ kí aṣèdánwò sùn. Ẹni tí ó kọ ọ́ ṣáà mọ ẹni tí yóò kà á, ó sì ń ka ọ̀sẹ̀ títí èsì yóò fi dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ó di olùkọ́ Yorùbá, ibẹ̀ gan-an ni orí wa ti kọ́kọ́ yá.

A kò lè sọ ìtàn kíkọ Yorùbá ní agbègbè yìí kí á fo D. O. Fágúnwà dá, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó. Ìdíje ni ó fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀bùn ni ó ń bí òǹkọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí ìdíje ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin mìíràn ni ó tẹ̀lé e láàrin 1949 sí 1961, ìdíje kan ṣoṣo kò sì lè ṣàlàyé gbogbo wọn. Ní àsìkò yẹn ni wọ́n ń ka ìwé rẹ̀ sókè ní kíláàsì àti ní ilé, tí ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá ń jókòó gbọ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń dúró de ìtàn mìíràn ti rí ègbè.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ọ́fíìsì pọ̀ sí i, taipuráítà pọ̀ sí i, àwọn ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ taipù náà sì ń yọ káàkiri. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1974, ni a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí gbogbo wa ń lò. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: òfin àkọtọ́ wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tí kò lè pa òfin náà mọ́ sì gba gbogbo tábìlì. Taipuráítà ọ́fíìsì kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àmì ohùn. Bí a bá fẹ́ ṣe ìbéèrè ìdánwò, akọ̀wé yóò taipù rẹ̀ sórí sítẹ́ńsù, àwa yóò wá fi irin onímú ṣóńṣó fi àmì há a lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, sítẹ́ńsù yóò ya, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, olùkọ́ mélòó ni yóò fi àmì há ojú-ewé mẹ́ta? A há ti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, a fi ìyókù sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí akẹ́kọ̀ọ́. Nínú yàrá ìdánwò kan náà ni a tún ti ń yọ máàkì lára ọmọ tí kò fi àmì sí àrọ̀kọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé àwa fúnra wa ka àmì ohùn sí ohun tí a ń ṣe nígbà tí àyè bá wà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ti ju 100,000,000 lọ kò ju bí 400,000 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gba owó lé, bí ènìyàn kò tilẹ̀ sọ ju 'Ẹ káàárọ̀ o' lọ. Ní 2003 tí Glo dé ni gbígba owó lórí ìṣẹ́jú-àáyá bẹ̀rẹ̀. Fóònù yìí pa lẹ́tà. Ìyá tí ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti Èkó kò ní pe ọmọ kíláàsì kẹrin wá sí ẹ̀bá àtùpà mọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìpè wọ́n, atẹ̀jíṣẹ́ gbilẹ̀, èyí sì mú kíkọ padà wá ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa dúró díẹ̀, nítorí a kì í sábà sọ ọ́. Àwọn tí ó ṣètò GSM ní ilẹ̀ Yúróòpù to àkójọ lẹ́tà kan fún atẹ̀jíṣẹ́. Bí gbogbo lẹ́tà tí a kọ bá wà nínú àkójọ náà, 160 ni ojú-ewé kan gbà. Bí ẹyọ kan péré bá wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú àkójọ, ojú-ewé náà yóò sún kì, kò ní gbà ju 70 lọ, èyí tí ó kù yóò sì di ojú-ewé kejì tí a ó sanwó rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín ni pé à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀ nítorí àwọn èdè bí i ti Ítálì, é náà sì wà, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí. Èyí ni pé ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ohùn òkè ń náni lówó! Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kò tilẹ̀ ní ọ̀nà tí a lè gbà tẹ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Nítorí náà, nígbà tí a ń pariwo ní kíláàsì pé ìmẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi àmì sí Yorùbá wọn, owó orí fóònù wọn ń sọ ohun mìíràn fún wọn. Orí ta ni yóò yá sí ohun tí ó ń sanwó ìtanràn lé lórí?

Ìdènà yẹn ti kúrò nílẹ̀ báyìí. Àkójọ lẹ́tà Unicode tí kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní ń lò gba gbogbo lẹ́tà wa. Ẹ àti ọ tilẹ̀ wà níbẹ̀ ní odindi, nítorí pé èdè àwọn ará Vietnam ń lo irú wọn. WhatsApp tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 kò ka iye lẹ́tà gbowó. Ẹni tí ó bá sì yan Yorùbá lára àwọn èdè tí ó wà lórí bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ yóò rí ẹ àti ọ níbẹ̀. Síbẹ̀ àmì kò padà. Ẹ̀rọ ti tú okùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti mọ́ ibi tí okùn gbé e dé.

Ohun tí ó padà ni nǹkan tí àwa kò kọ́ wọn. Nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó wà lórí WhatsApp àti Facebook, a ń rí Yorùbá Àkúrẹ́ àti Yorùbá Oǹdó tí àwọn ènìyàn ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Àkúrẹ́ wọ́n ń kọ 'ulé' dípò ilé, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wọn ti ń pè é. Ní Oǹdó, bí i ti Ọ̀wọ̀ tí àwọn onílé ń pè ní Ọ̀ghọ̀, ohùn kan wà tí álífábẹ́ẹ̀tì àjùmọ̀lò kò ní lẹ́tà fún. Wọ́n ń kọ ọ́ ní 'gh' láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn ìwé tí ó wà ní kíláàsì, Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ wọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n láti ayé Crowther títí di òní, àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Nísinsìnyí ènìyàn tí ó ti tó ọgọ́ta ọdún, tí ó gba máàkì burúkú lọ́wọ́ wa nítorí 'ulé', ń jókòó ní alẹ́ kọ ìtàn àdúgbò rẹ̀. Kí ni ó mú orí rẹ̀ yá? Kò sẹ́ni tí yóò fún un ní máàkì. Ẹni tí wọ́n jọ dàgbà, tí ó wà ní òkè òkun, ni yóò dá a lóhùn pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí, òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà ẹ̀bá àtùpà ni èyí tí ó tún jí dìde, àfi pé èsì rẹ̀ kì í pẹ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fóònù ni a wá ń yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Facebook fi bọ́tìnnì kan síta tí ènìyàn lè tẹ̀ láti fi hàn pé nǹkan wu òun, ó sì ń ka iye ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ní 2014, WhatsApp sọ àmì ìfàlà méjì di àwọ̀ búlúù nígbà tí ẹni tí a kọ̀wé sí bá ti ṣí i. Láti ìgbà yìí ni ìdáhùn ti di oye kíkà. Kóríyá tí ó jẹ́ pé ohùn ènìyàn ni tẹ́lẹ̀ wá di nọ́ńbà. Ìyàtọ̀ sì wà. Ẹni tí ó ń retí ohùn yóò máa ro ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹni tí ó ń retí nọ́ńbà yóò máa ro ohun tí ó mú nọ́ńbà àná ga. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn àdúgbò ń di àwàdà, tí àwàdà ń di àwòrán.

Àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ti rí èyí kí fóònù tó dé rárá. Ní 1971, Edward Deci fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní eré àdììtú kan tí a ń fi igi tò. Ó sanwó fún apá kan nínú wọn. Nígbà tí owó dáwọ́ dúró, àwọn tí a ti sanwó fún kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan eré náà mọ́ ní àkókò ìsinmi wọn. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett lọ bá àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ràn láti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí fún àwọn kan bí wọ́n bá lè yà á. Wọ́n fún àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán láìṣèlérí. Wọn kò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tí a ṣèlérí fún nìkan ni ìfẹ́ wọn sí àwòrán dínkù, ó tó bí ìdajì. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò yí padà. Ìdánwò kéékèèké ni ìwọ̀nyí, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kò jìnnà sí ohun tí ọ̀rọ̀ kóríyá ti ń sọ fún wa: ìyàtọ̀ wà láàrin owó tí a lẹ̀ mọ́ oníjó níwájú nítorí pé ijó dùn àti owó tí a ná tẹ́lẹ̀.

Kí á sọ ti ara wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí a ti ilé-ìwé pa, a dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún kíláàsì Yorùbá wa ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀, a kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Kí á má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. A sọ fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n gba àlọ́ àpamọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà ilé, kí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. A kò sọ ti máàkì. Ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì fi ohùn ìyá bàbá rẹ̀ ránṣẹ́, ní ojúlówó Àkúrẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kọ àlàyé tí ó gùn ju àrọ̀kọ tí ó kọ fún wa rí lọ. Ní alẹ́ kejì, ìyá àgbà mẹ́ta ti wà lórí ìlà. Inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ba nǹkan náà jẹ́: a kéde pé àlọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba máàkì méjì. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, àlọ́ ti pọ̀ bí òjò, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ìyá àgbà ti pòórá. Àlọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wò kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a fagi lé máàkì náà, ẹgbẹ́ náà dákẹ́, ọmọkùnrin náà sì dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Fóònù tí ó mú orí wọn yá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà ni ó wà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwa ni a yí padà.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ẹjọ́ yàrá olùkọ́ kò pé. Bọ́tìnnì Facebook kì í ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun tí ó sọ ìdáhùn di nọ́ńbà ní ìlú wa. Pẹ́ńsù pupa ni. Ọmọ tí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé, tí ó wá kọ 'lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ' fún wa ní kíláàsì, nọ́ńbà ni ó gbà padà lọ́wọ́ wa, kò gba èsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aṣèdánwò ní kíákíá. JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ní 2013; láti 2015, gbogbo olùdíje ni ó ń lò ó. Ìdáhùn yíyàn ni, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ lè yege nínú Yorùbá láì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì kan sórí fáwẹ́lì kan. Ní 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ń dá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọn. Bí àrọ̀kọ Yorùbá yóò bá dé orí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan, ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè kí ọjọ́ náà tó dé ni bóyá ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn yóò wà lórí bọ́tìnnì tí a ó gbé síwájú ọmọ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ yóò ní kí á má ka àmì sí, àwa yóò sì gbà, bí a ti gbà fún taipuráítà. A ti rí ohun tí ìyẹn ṣe. Àwọn lẹ́tà náà wà nínú ẹ̀rọ. Ẹnìkan ṣáà ní láti sọ pé kí wọ́n ṣí wọn sílẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa sì ni.

Ti 'ulé' nìyẹn. A kò sọ pé kí á gbà á nínú àrọ̀kọ àjùmọ̀lò. Nígbà ìdánwò ìparí sáà tí ó kọjá, a tún pàdé rẹ̀ nínú ìwé ọmọbìnrin kan. A fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ bí ìlànà ti wí, a sì yọ máàkì tí ó yẹ kí á yọ. Lẹ́yìn náà a kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé kí ó wá sọ fún wa ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Ọjọ́ kejì ni ó dé, ó sì mú fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.